Ìyá Aránṣọ àti Ìpàdé Ọjọ́rú

A bí Ìyá Aránṣọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1941, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìfọṣọ tí ìyá wọn ti ń ṣiṣẹ́. Bíríkìlà ni bàbá wọn. Ọmọ mẹ́rin ni àwọn òbí náà bí. Ìyá Aránṣọ, Màmá wa, ni ìkẹta, àwọn nìkan sì ni obìnrin. Ìdílé náà kì í ṣe ti olówó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ́ ọ̀lẹ.

Ní ọdún 1945, ibà mú Màmá fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí ibà náà lọ, ó mú ẹsẹ̀ òsì lọ. Ẹsẹ̀ náà wà lára, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn aládùúgbò wá kí ìyá wọn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Ìyá wọn ní, "Ẹ má bá mi kẹ́dùn o. Ọmọ mi ń bẹ, ó ń jẹun, ó sì ń jà." Òótọ́ ni. Màmá ń jà gan-an ni.

Ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Bàbá wọn fi igi àti awọ bàtà àtijọ́ ṣe ọ̀pá tí wọ́n ń fi sí abíyá rìn. Kíláàsì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n dúró sílé títí di ọdún tí kíláàsì náà yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀. Màmá kò dúró. Ìdí ni wọ́n fi ń wọ́ gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún náà, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, fún ọdún mẹ́fà. Aṣọ ilé ìwé tó ń já ní ìdí ló kọ́ wọn bí a ṣe ń mú abẹ́rẹ́, nítorí àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 1958, wọ́n wọ iṣẹ́ aránṣọ. Ọ̀gá wọn ní ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Màmá lọ bá káfíńtà kan ní òpópónà kejì pé kí ó ṣe pátákó tí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan yóò lè tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni káfíńtà náà ṣe é kí ó tó bọ́ sí i. Nígbà kẹrin, ó wá láìsí pátákó lọ́wọ́. Màmá bi í pé, "Kí lẹ tún fẹ́ wọ̀n?" Ó ní òun kò wá wọn nǹkan kan. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1963, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Màmá a máa sọ fún àwọn ọmọ náà pé, "Èmi ò wá ọkọ. Pátákó ni mo wá. Ọkọ ni wọ́n fi ṣe ènì."

Ní ọdún 1970, wọ́n ṣí ìsọ̀ tiwọn: yàrá kan tó kọjú sí títì, ẹ̀rọ méjì, tábìlì tí wọ́n ń gé aṣọ lórí rẹ̀, dígí kan. Ọkọ wọn da sìmẹ́ńtì sí ẹnu ọ̀nà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gun àtẹ̀gùn. Nítorí ẹnu ọ̀nà yìí, àwọn akanda ẹ̀dá àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀.

Onígbàgbọ́ ni Màmá. Wọn kì í pa ìsìn jẹ. Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, àwọn ló ń rán an. Àdúrà wọn kì í gùn. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tí a ń sọ nǹkan fún lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 1976, àwọn aláàánú kan wá pín aṣọ àlòkù fún àwọn akanda. Àwọn àlejò náà tò wọ́n sínú oòrùn, wọ́n ní kí wọ́n kọrin ọpẹ́. Màmá wà lórí ìlà, ṣùgbọ́n Màmá kò kọrin. Nígbà tí wọ́n padà sí ìsọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí à ń pè ní Onírédíò tẹ̀ lé wọn. Kò ríran láti ọjọ́ tí a ti bí i, ṣùgbọ́n kò sí rédíò tí ìka rẹ̀ kò lè tún ṣe. Màmá sọ fún un pé, "Gbogbo ìgbà là ń dúpẹ́. Ta ló fi ọ̀kan nínú wa ṣe alága nǹkan kan rí?"

Onírédíò ní, "Alága kẹ̀, Ìyá? Àga gan-an wọn ò fún wa, orí ìdúró la wà nínú oòrùn."

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀ náà, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, alága ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá kàn ni yóò ṣí ìpàdé, òun ni yóò pe ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tí yóò dá alásọjù lẹ́kun, tí yóò bèèrè ìbò, tí yóò sì parí ìpàdé lásìkò. Ohun tí wọ́n ń jíròrò kò ju ibi tó yẹ kí wọ́n máa da ilẹ̀ sí, tàbí ọ̀dà tó yẹ ògiri. Ìdarí ni wọ́n ń kọ́.

Nítorí Onírédíò, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀. Obìnrin kan tún wà tí à ń pè ní Oníbúrẹ́dì, etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀, ètè ló ń wò. Nítorí tirẹ̀, ẹni méjì kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú sí i. Ìpàdé náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kan tó wá gba ṣòkòtò rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ó ṣí fìlà, ó sì dúró títí wọ́n fi ṣe tán.

Ní ọdún 1988, alága àdúgbò kó lọ sí ibòmíràn. Wọ́n fẹ́ yan òmíràn. Nínú ìpàdé àdúgbò nígbà náà, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ló ń borí. Àwọn ará Ọjọ́rú fa Onírédíò kalẹ̀. Ọdún méjìlá ló ti fi kọ́ iṣẹ́ náà. Màmá sọ ọ́ síta pé bí ó bá wọlé, a jẹ́ pé Ọjọ́rú ní ìtumọ̀. Bí kò bá wọlé, eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbò, Alápatà àdúgbò dìde. Ó ní, "Mi ò bá a jà o. Ìbéèrè ni mo ní. Tí èèyàn bá nawọ́, báwo ni ẹni tí ò ríran á ṣe mọ̀?"

Onírédíò la ẹnu. Kí ó tó sọ̀rọ̀, Màmá ti dìde. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ náà dára. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Màmá jókòó, Alápatà ní, "Ìyá Aránṣọ, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Kí ló dé tí a ò kúkú fi ẹ̀yin jẹ ẹ́?" Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dìbò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Màmá sì wọlé. Wọn kò kọ̀ ọ́. Wọ́n rò pé kò sí ìyàtọ̀, akanda ṣáà ni àwọn náà. Àṣìṣe ńlá ni. Màmá kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ọjọ́ ikú wọn, ìdí nìyí tí ẹbí fi kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́rú mẹ́ta kọjá, Onírédíò kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Màmá lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọ́ ìró ọ̀pá wọn láti ìta, kò dìde.

Màmá ní, "A ò rí ọ mọ́."

Ó ní, "Èmi náà ò rí yín, Ìyá. Mi ò rí ẹnikẹ́ni rí."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Onírédíò gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ojú ni mi ò ní. Ẹnu mi dá ṣáká. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ̀yin náà lẹ tún gbà á lójú gbogbo àdúgbò."

Màmá ní, "Òótọ́ lo sọ. Má bínú." Wọ́n sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ ìwé pé àwọn fi ipò náà sílẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni. Nígbà tí àdúgbò tún pé láti dìbò, Màmá kò lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá débẹ̀, ẹnu á máa yún àwọn. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń ṣe ihò bọ́tìnnì. Ọkọ wọn ló lọ, òun ló sì mú ìròyìn wá.

Alápatà tún béèrè ìbéèrè kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Onírédíò dáhùn fúnra rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Alápatà, ọdún méje ni mo ti ń gbọ́ yín níbí. Ẹ ò nawọ́ rí. Ariwo lẹ máa ń pa." Ilé rẹ́rìn-ín, Alápatà gan-an rẹ́rìn-ín. Onírédíò ní, "Tí mo bá jẹ alága, kálukú á dárúkọ ara rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni méjì ò ní sọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹni tí ìyẹn bá ni lára, kó lọ máa pariwo nílé rẹ̀."

Ó wọlé: ẹni mẹ́ta ni àwọn tó fẹ́ ẹ fi ju àwọn tó kọ̀ ọ́ lọ. Alápatà wà lára àwọn tó dìbò fún un. Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ihò bọ́tìnnì náà fi wọ́.

Ọdún mẹ́jọ ni Onírédíò fi ṣe alága. Ní àsìkò rẹ̀ ni wọ́n wó àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì ṣe é ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn aboyún ló kọ́kọ́ dúpẹ́.

Láti ọdún yẹn, bí ìpàdé Ọjọ́rú bá ti bẹ̀rẹ̀, Màmá a fi pínnì méjì tàbí mẹ́ta sáàárín ètè, bí aránṣọ ṣe ń ṣe. Aṣọ kankan kì í sí lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni tuntun bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí i, a ó rí i tí pínnì náà ń gbọ̀n lẹ́nu wọn. Wọn kì í yọ ọ́. Ní ọdún 1997, Oníbúrẹ́dì di alága ẹgbẹ́ òbí ní ilé ìwé àdúgbò. Ènìyàn mọ́kànlá ló ti ìsọ̀ náà jáde tó di olórí nǹkan kan níbi tí wọ́n ń gbé.

Ìpàdé Ọjọ́rú di ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1994. Màmá ni ààrẹ. Ní ọdún 2013, obìnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, atẹ̀wé ni iṣẹ́ rẹ̀, jáde láti bá Màmá du ipò náà. Àwọn kan ní kí ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, kí ó sún sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá ló ní kí n má sún sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni. Ṣé kí n wá ṣàìgbọràn sí wọn ni?" Màmá kò fi ṣeré. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, tí wọ́n ń wá ìbò.

Atẹ̀wé ní ìbò mọ́kàndínlógún. Màmá ní mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n délé, ọkọ wọn bi wọ́n pé ṣé ó dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Mo fẹ́ ẹ." Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Bàbá wọn, ṣé ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yẹn? Kò gbọ̀n rárá. Kò tiẹ̀ wo ojú mi kó tó sọ̀rọ̀." Wọ́n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, ohun tí wọn kì í ṣe.

Àìsàn wọn kò pẹ́. Wọ́n wà ní ìpàdé ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú gan-an. Wọn kò sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó retí pé kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n kú ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2019, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé, àti ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì kan, bíríkìlà kan àti olùkọ́ kan; ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àti àbúrò kan.

Ìyá Aránṣọ, iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń ṣe é láìbèèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ sinmi. Ẹ sùn ire o.