Òjòlá Kì Í Gbé Kéèjì Adìyẹ

Fọlárìn àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Màámi ti yá.

Òjòlá tó o fi sílẹ̀ fún mi ti dàgbà ju àpótí rẹ̀ lọ. Mo ń ṣọ́wó ná, mo bá fi í sínú kéèjì adìyẹ mi tó ṣófo. Ìyá Shukurat aládùúgbò wa ń fi mí ṣẹ̀sín: "Àlájà, ṣé ó ti yé ẹyin?" Àṣé imú ni òjòlá ń fi gbo wáyà kéèjì. Imú ti bó, kò jẹun mọ́.

Káfíńtà Oko Ọba ní àpótí pákó onígíláàsì ló yẹ ẹ́, èyí tó máa lè nà sí. Má ra bàtà fún mi lọ́dún yìí, owó gíláàsì ni kó o fi ránṣẹ́. Má ní kí n fi òjòlá náà tọrẹ. Ó ti mọ ọwọ́ mi.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín nínú òtútù ìlú òyìnbó yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àrínọlá