Bí Mo Ṣe Wá Adájọ́ Dé Etí Odò Agbabu

Ilé Akínyẹmí,
Odigbo.

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi,

Èyí tí Ọlọ́run ní kí a fi ṣayọ̀, mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ tó bí ìbejì kí ọ, gbogbo ìjọ ló kí ọ àyàfi ìyá akọrin, tó ní o kò yà kí òun nígbà tó o wá sílé lọ́dún Àjíǹde. Ọlọ́run tó mú Dáníẹ́lì jáde nínú ihò kìnnìún ni yóò máa mú ọ jáde nílé, ni yóò sì máa mú ọ padà wọlé lójoojúmọ́ ní Èkó tí ẹ wà yẹn. Tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ara le, òjò ń rọ̀ dáadáa, ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé ta débi pé ìyá rẹ ti ń fi ṣe pupuru, ẹsẹ̀ mi òsì nìkan ló ń dùn mí, ohun tó fà á ni mo sì jókòó láti ṣàlàyé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́.

Fóònù tó o fún mi dára púpọ̀, mo dúpẹ́. Dátà tó o rà sínú rẹ̀ ló kàn ń jò. Mo ti ń dojú rẹ̀ délẹ̀ lálaalẹ́ kó má baà jò mọ́, síbẹ̀ tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, a ó kàn bá a pé ó ti gbẹ. Ṣé o rántí pé kí o tó padà, o jókòó lórí àga mi, o ní o ń fi mí sínú ẹgbẹ́ ẹbí wa nínú fóònù, kí n lè máa gbọ́ ohùn gbogbo yín? Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ rẹ ṣì í tẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ tí mo bá ara mi nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ọmọlẹ́yìn Adájọ́. Mo ní áà, ọmọ yìí ti dàgbà nínú Olúwa. Ṣebí Jésù ni Adájọ́ alààyè àti òkú? Ohun yòówù tí wọ́n bá ti kọ síbẹ̀, Àmín ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ẹnì kan kọ ọ́ pé Adájọ́ ń bọ̀ wá mu ẹ̀jẹ̀ ọba, mo ní Àmín.

Má rẹ́rìn-ín. Lónìí mo ti mọ̀ pé idà ni Adájọ́, idà inú ìtàn tí ẹ jọ ń kà lórí fóònù, mo sì ti mọ̀ pé ohun tí ẹ̀ ń torí rẹ̀ pariwo ni èwo nínú idà méjì ni Adájọ́ gidi. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi nígbà náà?

Lọ́jọ́ kan ni mo gbọ́ ohùn ìwọ gan-an alára. Inú ń bí ọ. O ní o mọ ibi tí Adájọ́ wà, o ní abẹ́ odò dúdú ló wà, pé ìyá ọba ló jù ú síbẹ̀, pé ojú rẹ̀ sì ń dán lábẹ́ omi títí dòní, àti pé èyí tí ọba ń gbé kiri yẹn, ayédèrú ni. Fẹ́yìsayọ̀, òkèlè já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ náà rò ó wò, èdè wa kì í ya irin sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn, bí a bá ti ní ó wà lábẹ́ omi, ó lè jẹ́ ọ̀bẹ, ó sì lè jẹ́ ọkọ ìyàwó. Níbi tí mo ti ń ronú ni Fọlárìn àfẹ́sọ́nà rẹ ti dá ọ lóhùn, ó ní irọ́ ni, pé gbogbo ayé ló ń wò nígbà tí ọba fà á yọ nínú àkọ̀. Àkọ̀ ló pè, ọkọ̀ ni mo gbọ́. Ìwọ náà sì mọ ọ̀nà tó gba Ore kọjá lọ sí Benin, o mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n fa èèyàn yọ nínú ọkọ̀.

O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ṣé orí fóònù ni kí n ti sọ ọ̀rọ̀ adájọ́ tí wọ́n jí gbé, kí ọlọ́pàá tó ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ wá kó gbogbo wa? Inú oko ni mo ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ, lábẹ́ igi kòkó, nítorí pé ògiri létí. Ó káwọ́ lérí. Ó ní ọmọ òun tí kò lè pa adìẹ Kérésìmesì, ta ló kọ́ ọ pé kó máa ju adájọ́ sódò? Mo ní ìwọ kọ́ lo jù ú, ìyá ọba ni, ìwọ kàn mọ ibẹ̀ ni. Ó ní ẹni tó mọ ibẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú.

A pe Tíṣà Levi sí i, ayálégbé wa tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà Ìwó sí ilé-ìwé ibí. Ó gbọ́ ohùn náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un gbọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí le o. Ó ní a kò gbọdọ̀ lọ bá ọlọ́pàá lọ́wọ́ òfo, pé ká kọ́kọ́ wádìí odò tó ń jẹ́ odò dúdú. Mo ní èwo ni ìwádìí níbẹ̀? Níbo ni ilẹ̀ ti ń sun ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì ní agbègbè yìí bí kò ṣe Agbabu? Bí ojú rẹ̀ bá sì ṣì ń dán lábẹ́ omi, á jẹ́ pé kò tíì kú nìyẹn.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo gun ọ̀kadà, ó di Agbabu. Mo dúró létí odò, mo bọ́ fìlà, mo ké pe Adájọ́. Mo ní ẹ̀yin sà, tí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mi omi yẹn díẹ̀. Obìnrin kan tó ń fọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, Karimat lorúkọ rẹ̀, bi mí pé Bàbá, kí lẹ sọ nù? Mo ní èèyàn ńlá kan ni. Ó ní àwọn èèyàn ńlá tí òun máa ń rí ní Agbabu, àwọn tó ń wá wo ọ̀dà ni, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní iṣẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wọ ọkọ̀ wọn lọ, kò sí èyí tó kan omi rí nínú wọn. Ibi tí mo ti ń yí padà ni ẹsẹ̀ mi òsì ti yọ̀ lórí ọ̀dà, ó rọ́, bàtà mi sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ di bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Mo tiro délé, mo bá Tíṣà Levi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù mi lọ́wọ́. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Fẹ́yìsayọ̀ ti kúrò. Mo ní kúrò níbo? Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́, wọn ò sọ ibi tó kọrí sí. Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Ọmọ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ohùn wọlé. Mo ní ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, èmi ni Benson Akínyẹmí ti Odigbo, bàbá Fẹ́yìsayọ̀. Mo ní nínú gbogbo ariwo tí ẹ̀ ń pa, ẹ ti gbàgbé pé ènìyàn ni Adájọ́. Ó níyàwó, ó bímọ, ẹnì kan ń se oúnjẹ dè é nílé. Mo ní ìbáà jẹ́ abẹ́ odò ló wà, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ọba, ẹ tú u sílẹ̀ kó máa lọ, kí ẹ sì dá ọmọ tèmi padà fún mi. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ti ń sọ ọ́.

Fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí ibà mú. Ẹnì kan kọ ọ́ pé Bàbá ti là á yé wa, Adájọ́ kì í ṣe idà rárá, ènìyàn ni! Òmíràn ní òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní òun sunkún, pé ìyàwó tó ń se oúnjẹ dè é yẹn, ìyá arúgbó tó ń dáná láàfin ni, kò sí àní-àní. Tíṣà Levi ń kà á sí wa létí, ojú rẹ̀ ń ṣe bákan. Ó ní Bàbá, ta ló sọ̀rọ̀ idà níbí?

Fọlárìn ti mọ ohùn mi. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e láti Ore, eruku ti pa á láró pupa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò ní kó dìde. Mo ní ọmọ mi dà, adájọ́ dà? Ó gbójú sókè láti ilẹ̀, ó ní Bàbá, Fẹ́yìsayọ̀ wà nílé rẹ̀ l'Ékòó, inú ló ń bí i, ẹgbẹ́ ló kúrò nínú rẹ̀, kò sá lọ síbì kan. Ó ní ní ti Adájọ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, idà ni, inú ìtàn ló wà, kò sí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ rí. Ẹ̀rín pa ìyá rẹ débi pé ó di ògiri mú. Ó ní Bàbá Fẹ́yìsayọ̀, idà lẹ bọ́ fìlà fún? Láti ọjọ́ náà, tó bá fẹ́ gbé ọ̀bẹ kọjá níwájú mi, ó máa ń ní kí n kọ́kọ́ kí i ná.

Lẹ́yìn tí Fọlárìn jẹun tán ló tó jẹ́wọ́ ohun tó gbé e wá gan-an. Ó ní òun sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá ní abẹ́ odò ni Adájọ́ wà, ọpọlọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ní o kò gbé ìpè òun mọ́, pé o ní kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró ná. Inú bí mi sí i. Mo nà án ní àdá, mo ní kó tẹ̀lé mi lọ sóko, kí n rí ọwọ́ tó mọ̀ nípa idà tó bẹ́ẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀, ó di àdá mú bí ẹni di bírò mú! Kòkó kan ṣoṣo, ó ń yí i po bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò, síbẹ̀ kò sọ àdá sílẹ̀ títí a fi fọ́ òkìtì kòkó náà tán. Ó wá jókòó ti èèpo, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní láti kékeré ni òun ti ń kàwé nípa idà, òun ò mọ̀ pé ẹnu òun ló mú ju gbogbo wọn lọ. Èmi ni mo gbé igbá padà wálé, mi ò jẹ́ kó rù ú.

Nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ni Fọlárìn ń ka ìtàn náà fún wa. Mo ti wá ní èrò tèmi báyìí. Ó dá mi lójú pé ènìyàn ni Adájọ́ lóòótọ́, ìyá ọba gan-an ni, torí ta ni í dájọ́ nínú ilé bí kò ṣe ìyá? Ìyá rẹ ní rárá, abẹ́ odò ló wà, ọmọ òun kì í parọ́. A fa ọ̀rọ̀ yìí láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé, ó gbé pupuru síwájú mi láìwo ojú mi. Ṣùgbọ́n ẹja tó tóbi ló fi sínú ọbẹ̀ mi, èmi náà sì bù ú sí méjì, mo ti ìdajì sí i. Bí èmi àti ìyá rẹ ṣe ń bá a bọ̀ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, a kì í fohùn ṣọ̀kan.

Mi ò ní kó o gbà pé ọ̀rọ̀ Fọlárìn tọ́ o. Tí ọba bá ń gbé ayédèrú kiri, máa sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bú ọ ti wá bẹ̀bẹ̀ dé ilé bàbá rẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó. Èwo ló tún kù?

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra oògùn kòkó, òjò yìí ti fẹ́ mú kí èso dúdú lórí igi. Má san án sí àkáǹtì mi, ti ìyá rẹ ni kó o san án sí. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní Ore gbé káàdì mi mì, mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo tilẹ̀ sọ orúkọ bàbá mi fún un, kò dáhùn. Tún bá mi ra bàtà kan, ti òsì nìkan ti tó, tí wọ́n bá ń dá a tà l'Ékòó.

Olúwa yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ilé tí o bá wọ̀, ayọ̀ ni yóò kún ibẹ̀. Ojú kò ní pọ́n ọ, ẹlẹ́gàn kò ní rí ọ mú, ìwọ ni yóò sin èmi àti ìyá rẹ nígbà tí a bá darúgbó kújọ́kújọ́.

Mo ní kí ẹni tó mú ìwé yìí wá tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ. Fọlárìn ni. Bí o ti ń kà á yìí, ìta ló dúró sí, pupuru àti iṣu tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ó wúwo o. Ṣílẹ̀kùn fún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
Benson Akínyẹmí.