Ta Ni Yóò Jókòó Ti Tányì?

Ọjọ́ Ajé, 15 Fẹ́búárì 1988

Tányì tún da iyọ̀ sínú omi mímu. Ó ní adìẹ ló dà á. A ò ní adìẹ.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá Sagbo, ọkọ mi, ni Tányì — bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin nìyẹn — òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Obìnrin tó ń yan ẹja tà, tó mọ gbogbo ọlọ́kọ̀ ojú omi láti Iworo dé Badagry ní orúkọ-orúkọ. Ní báyìí, ó ń bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dáhùn. Ó ní, “Ẹ kú ewu ọ̀nà.” Ó tún bi mí.

Sagbo ní kí n ní sùúrù, pé àgbà ni. Ọ̀gbẹ́ni Ó-Dọ̀la! Láti ìgbà tí ìjọba ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ló ti ń jókòó tì í nílé, kò wá nǹkan kan ṣe sí i. Èmi ni mò ń sáré ilé búrẹ́dì, níbi tí a ti ń fi pákí lú fúláwà nítorí ìjọba fòfin de wíìtì òkè òkun. Èmi náà ni n ó tún wá dókítà. Ìmọ̀ okòwò ni mo kà ní yunifásítì. Wọn ò kọ́ mi níbẹ̀ láti jókòó máa wo nǹkan bó ṣe ń bàjẹ́.

Ọjọ́rú, 17 Fẹ́búárì

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ò gbójú sókè. “Ogbó ni, màdáámù.” Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ — oògùn ẹ̀jẹ̀! — ó sì ní ká lọ rà á níta, pé àwọn ò ní. Tányì ń kí i: “Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?” Kò dá a lóhùn. Ọkùnrin náà rí mi lára débi pé mo nu ọwọ́ tí mo fi bọ̀ ọ́.

Mo yà ní Otto lọ́dọ̀ Moyọ̀sọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ṣe bàbá tirẹ̀ náà. Ó ní kì í ṣe ogbó, àrùn ni, àrùn tó ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ọpọlọ àti iṣan kan wà ní Lagos — kì í ṣe dókítà wèrè o, ó tẹnu mọ́ ọn — ṣùgbọ́n ó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Saudi bíi ti àwọn dókítà yòókù. Ọjọ́bọ̀, 10 Máàṣì, ni yóò rí aláìsàn kẹ́yìn. Mo ní kó bá mi fi orúkọ Tányì sílẹ̀. Ó parí.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Fẹ́búárì

Kò parí. Sagbo ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún Bùrọ̀dá Dosu.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Fẹ́búárì

Bùrọ̀dá Dosu dé, ẹ̀gbọ́n Sagbo, olórí ẹbí. Ó mu mínírà mi tán kó tó lanu.

“Dókítà ọpọlọ kẹ̀? Ìyàwó Èkìtì, ṣé Yábàá lo fẹ́ gbé Tányì wa lọ?”

Mo ṣàlàyé. Ó ní ìwé mi ti pọ̀ jù. Ó ní ká dúró kí ẹbí kọ́kọ́ da omi sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Nínú ìdílé wọn, àgbà ọmọbìnrin ilé ló máa ń da omi náà, tó sì máa ń pe àwọn òkú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tányì nìkan ló mọ̀ wọ́n. “Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un lórí ńkọ́? Ta ni yóò pè wọ́n?”

Gbogbo ìdílé, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ òkú nìkan ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀ ni ètò náà. Ó ṣáájú ọjọ́ dókítà. Mo gbà. Sagbo ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Fẹ́búárì

Ọjọ́ sanitéṣọ̀n, ìmọ́tótó òpin oṣù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rìn níta. Tányì rìn. Sagbo ní omi lòun lọ pọn tó fi jáde.

Ìkóríta ni mo ti bá a, lórí eékún nínú oòrùn, sójà kan dúró tì í pẹ̀lú kóbókò. Ọmọkùnrin náà ní àfojúdi ni, pé ó pe òun ní ọmọ rẹ̀. Mo fa Tányì dìde. Ó ní kí èmi náà kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Èèmọ̀! Ọmọ tí mo lè bí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Máàṣì

Iworo. Gbogbo wọn wọ funfun. Tányì gba igbá omi, ohùn rẹ̀ já gaara, kò ta kókó kankan. Ó ń pè wọ́n, omi ń kán sílẹ̀. Bùrọ̀dá Dosu ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí: ṣé o rí i?

Àfi bí ó ṣe da omi sílẹ̀, tó pe “Dosu.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Bùrọ̀dá ní, “Tányì, èmi rèé. Mo wà láàyè.”

Tányì wò ó tìtì. “Ta ni ọ́?” Ó tún omi dà. Ó tún un pè.

Wọ́n kó àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ní àárọ̀, wọ́n ní kò ṣàìsàn. Ní ọ̀sán, ó ti di àjẹ́. Olórí ẹbí ń làágùn, ó ní Tányì ò ní kúrò ní Iworo títí yóò fi jẹ́wọ́ ohun tó fi òun ṣe. Àwọn tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún Tányì ní àárọ̀ ò jẹ́ kí aṣọ wọn kan tirẹ̀ mọ́. Mo gbé e sínú ọkọ̀ búrẹ́dì, mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ẹní bá fẹ́ kó dúró níwájú táyà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Máàṣì

Wọ́n ránṣẹ́ láti Iworo pé kí n dá Tányì padà. N kò dá a padà.

Ọjọ́bọ̀, 10 Máàṣì

A rí dókítà. Ọkùnrin kúkurú, ó ti rẹ̀ ẹ́, àwọn páálí ìwé rẹ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n ti fi okùn dì wọ́n. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fa àga sún mọ́ ọn. “Màmá, ẹja wo ni ẹ máa ń yan?” Tányì sọ̀rọ̀ ẹja títí. Ó ní kí ó bá òun mú orúkọ mẹ́ta dání: ìkòkò, okùn, ọsàn. Lẹ́yìn náà, ó béèrè wọn. Tányì bú sẹ́rìn-ín: “Èmi kẹ̀? Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀!”

Ó ṣàlàyé fún wa. Ọpọlọ rẹ̀ ń rọ. Ohun àná ló ń kọ́kọ́ lọ, ti àtijọ́ ń kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi mọ àwọn òkú ju Dosu lọ. Orúkọ ń wọnú orúkọ. Kì í ṣe èpè.

Mo ní, oògùn ńkọ́? Kò sí. London ńkọ́? Kò sí níbẹ̀ náà. Kí ẹnìkan ṣáà máa jókòó tì í, tọ̀sán-tòru, ẹni tó mọ̀. Oògùn rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì ti bó, yíká-yíká.

“Ta ló ń dè é?”

Mo ti ń bínú, mo ní kò sẹ́ni tó ń dè é nílé mi.

Sagbo ní, “Èmi ni.”

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Máàṣì

Gèlè Tányì ni Sagbo fi ń dè é mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ sójà. Ó ní, ṣé kí wọ́n lù ú pa ni? Ṣé kó kó sínú ọ̀sà ni? Ó ní n kò bi òun rí bí òun ṣe ń ṣe é.

Mo ní òun àti Dosu, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ní n kò lè jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kò bú mi. Ó ká gèlè náà sórí tábìlì, ó kó aṣọ rẹ̀, ó fi wá sílẹ̀ lọ sí ìlú Gbaji.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Máàṣì

Comfort tó ń bá mi ta búrẹ́dì ní òun ò lè jókòó ti àjẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ń gbàdúrà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Máàṣì

Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń kọ èyí. Fúláwà dé lónìí, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Awakọ̀ tó gbé e wá ránṣẹ́ sí mi nílé pé òun ò ní dúró, pé ẹlòmíràn ń nawọ́ owó sí òun. Mo kan ilẹ̀kùn gbogbo aládùúgbò. Wọ́n wà nílé. Wọn ò ṣí i.

Mo fún Tányì ní ẹ̀pà kó máa pa. Mo gbé omi sí ìtòsí rẹ̀. N kò fọwọ́ kan gèlè yẹn o. Mo fa ilẹ̀kùn yàrá, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ìyàwó?”

“Mà.”

“Tì í dáadáa o.”

Mo tì í dáadáa.