Oògùn Tí O Ń Fi Ránṣẹ́ sí Màmá

Àbúrò mi nọ́ọ̀sì,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ara èmi àti ìyàwó mi le. A ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, iṣẹ́ aṣọ rírán sì ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni Màmá fi lo oògùn ara ríro tí o ń fi ránṣẹ́, torí iṣan tó ń ta wọ́n láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ̀rù oògùn yìí ń bà mí. O ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ yín." Màmá sì gbè ọ́ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n bì, ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde. Dókítà ní oògùn náà ti dá egbò sí wọn níkùn, bẹ́ẹ̀ sì ni irú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín irú ìrora iṣan yẹn kù. Màmá wá jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ti ń dúdú bí èédú. Wọ́n ní, "Má sọ fún un, kó má bàa rò pé òun ló pa mí."

Wọ́n dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. A ti sin wọ́n.

Jọ̀ọ́, má wá, má sì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, kí o lè máa rántí.

Èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ télọ̀.