Àpò Ọ̀tún Tí O Máa Ń Rán Pa

Abẹ́rẹ́, àbúrò mi télọ̀, ọdún márùn-ún rèé tí o gbé téèpù rẹ sórí àga, tí o ní o fẹ́ sinmi díẹ̀, tí ìsinmi náà sì di àrèmabọ̀. Ọdún márùn-ún! Àwọn ará ilé ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìrántí rẹ yìí, nítorí èmi ni àgbà, ẹnu mi ló sì le jù. Lónìí, ẹnu ọ̀hún ò le mọ́. Ìtìjú ti mú un rọ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Ọmọ rẹ obìnrin ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó ti kọ́ṣẹ́ yege, ó ń gé aṣọ láìfi ẹfun sàmì kankan sí i, àfi bíi tìrẹ. Ìyàwó rẹ ti ń lo awò ojú, ó sì ń bá a jà lójoojúmọ́ pé ó ń fi eruku tóun ò rí tẹ́lẹ̀ han òun. Yàrá ẹ̀yìn tó ń jò nígbà ayé rẹ, a ti kan òrùlé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ṣì wà ní ṣíṣí. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Abẹ́rẹ́, o máa ń tì wá lójú. Ó yẹ kí n sọ ọ́ jáde. Télọ̀ tó mọṣẹ́ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, tí kì í mutí, tí kì í jà, ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti pé, ó di ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù! Bí àwọn àna bá béèrè rẹ, a ó ní o lọ ra òwú. Òwú tí a fi ẹnu wa rà fún ọ nígbà ayé rẹ tó láti fi yí gbogbo àdúgbò po.

Ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ tó ní àpò méjì ńkọ́? A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àpò òsì ni ti tẹ́tẹ́. Àpò ọ̀tún ni owó ilé, owó ìwé ọmọ, owó aṣọ oníbàárà. Láàárọ̀ Sátidé, kí o tó jáde, o ó jókòó síwájú ìyàwó rẹ, o ó fi òwú oníbejì rán ẹnu àpò ọ̀tún pa, abẹ́rẹ́ á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á tún lọ. O ó wá gbé abẹ lé ìyàwó rẹ lọ́wọ́. O ní kí o tó fi èékánná tú òwú yẹn tán, orí rẹ á ti tutù, bọ́ọ̀lù á sì ti parí.

Nínú àpò òsì pàápàá, ọ̀kan nínú ọ̀nà àádọ́ta owó náà lo máa ń ta lẹ́ẹ̀kan. Bí owó bá pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan yẹn á tóbi díẹ̀. Bó bá dín, á kéré. O kì í fi owó lé owó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo máa ń ta lọ́jọ́ kan, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá já, tí o pàdánù owó rẹ̀, o ó wálé, o ó káwọ́ gbera, o ó máa wo bọ́ọ̀lù lójú fèrèsé aládùúgbò bí ẹni tó ti yó. Kò sí Sátidé kan tí o ní kí wọ́n gbé abẹ yẹn wá. Kò sí ọ̀kan! Tẹ́tẹ́ rẹ ò febi pa ẹnikẹ́ni rí nínú wa. Síbẹ̀, ìwọ là ń fi pamọ́.

Àbígbẹ̀yìn wa, tí ìwọ fúnra rẹ kọ́ níṣẹ́, ló gba ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀wù náà. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ, Abẹ́rẹ́. Ó ń wọ ẹ̀wù yẹn bí ẹni gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n. Ó ń ta tẹ́tẹ́ ní Sátidé nítorí pé ìwọ ń ta á. Níbẹ̀rẹ̀, òun náà ń rán àpò. Nígbà tó yá, ó sú u. Ó ní ayé ti lajú, ta ló tún ń rán àpò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí síìpù wà? Ló bá fi síìpù sí i. Síìpù aláwọ̀ wúrà! A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi àgbà, mo fà á ṣí, mo fà á dé, mo ní èyí mà dáa o. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà, ó tún ń bá wọn wọ́ ọ.

Ilé tẹ́tẹ́ ló ti pàdé ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọkùnrin tó fi báírò há etí, tí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ti lu. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀kan nínú àádọ́ta, ọ̀nà àwọn ojo ni. Ó ní bí o bá ta ọ̀kan tó já, ta méjì. Bí méjì bá já, ta mẹ́rin. Bó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo èyí tó lọ á padà wá, tòun tèrè. Ọ̀rọ̀ náà wọ àbúrò wa létí. Kò bi Ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè ohun tó ṣe bàtà rẹ̀.

Ó kúkú ń wọlé fúngbà díẹ̀. Ó ra bàtà fún gbogbo ilé. A wọ̀ ọ́. A ò béèrè. Àwa tí à ń tijú nítorí tẹ́tẹ́ tìrẹ tí kò pa wá lára, à ń fi bàtà tẹ́tẹ́ yan! A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Sátidé tí ṣàngbá fọ́, owó búrẹ́dì kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó já. Ó ta owó búrẹ́dì méjì. Ó já. Mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, ó ń já, ó ń ta. Nígbà tí ìkeje já, àpò òsì ti gbẹ, iye tó kàn láti ta sì ti ju owó ilé oṣù kan lọ, gbogbo rẹ̀ nítorí èrè búrẹ́dì kan ṣoṣo! Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú rẹ wá sí òun lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ti dé ẹnu àpò ọ̀tún. Síìpù kì í báni jiyàn. Ìfà kan péré, ó ṣí. Owó tí ilé-ìwé kan san sílẹ̀ fún aṣọ àwọn ọmọ wọn ló wà níbẹ̀. Ó tà á. Ó já.

Abẹ́rẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ èyí? Ó ta máṣíìnì rẹ kó lè dá owó ilé-ìwé padà. Máṣíìnì rẹ! Èyí tí o ní ọmọ rẹ ni kó jogún. Ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, àpá ẹsẹ̀ máṣíìnì mẹ́rin ló bá nílẹ̀ níbi tó máa ń wà. Kò pariwo. Ó gbá ibẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rán ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ì bá sàn fún wa ká ní ó pariwo.

Láti ọjọ́ náà ni àbígbẹ̀yìn wa ò ti gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé mọ́, nítorí pé fọ́tò rẹ kọjú síbẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń gbà, bí adìẹ tí òjò pa. Ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, bọ́tìnnì ni wọ́n ní kó máa rán mọ́ aṣọ, òun tó ti ń rán kóòtù. Obìnrin tó ra máṣíìnì gbà láti dá a padà bí a bá kó owó rẹ̀ wá kí ọdún yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di tirẹ̀ títí láé. A ti ta bàtà wọ̀nyẹn. Ó ṣì ku díẹ̀.

Lónìí, ọjọ́ ìrántí rẹ, ó gba iwájú wọlé. Ẹ̀wù rẹ ló wọ̀. Ó dúró níwájú fọ́tò rẹ, kò lè gbójú sókè. Ó kó gbogbo owó iṣẹ́ oṣù rẹ̀ sínú àpò ọ̀tún, ó ní kí ọmọ rẹ tú síìpù náà dànù, kó rán àpò pa bí ìwọ ṣe ń rán an. Ọmọ rẹ rán an. Abẹ́rẹ́ lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn. A rò pé ó ti parí. Ló bá yí ẹ̀gbẹ́ òsì sí i, àpò tẹ́tẹ́ tó ṣófo, ó ní kó rán ìyẹn náà pa. Ó ní ìwọ lo lè gbé àpò méjì. Ó ní òun kì í ṣe ìwọ. Ó sunkún, gbogbo wa sì bá a sun ún.

Bí àwọn àna bá béèrè irú ẹni tí o jẹ́ báyìí, a ò ní sọ pé o lọ ra òwú mọ́. A ó ní o ta tẹ́tẹ́, o sì mọ ibi tó yẹ kí o dúró, àwa la ò mọ̀ ọ́n. Má bínú sí wa, Abẹ́rẹ́. Àárò rẹ ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ ju bí a ṣe jẹ́ kí o mọ̀ lọ! Abẹ ti padà sọ́wọ́ ìyàwó rẹ. Ọjọ́ tí a bá ń lọ gbé máṣíìnì rẹ wálé nìkan ni yóò fi tú àpò ọ̀tún. Láràárọ̀ ni ọmọ rẹ ń gbá àpá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, kò sì jẹ́ ká gbé nǹkan kan síbẹ̀.