Gàrí Ń Dà Sí Mi Lẹ́sẹ̀, Mo Ní Kò Kún

Sẹ́fà márùn-ún ni mò ń ta ife ẹ̀pà sísun kan lálẹ́ ọjọ́ tí mọ́tò sinimá wọ Ìdáàṣà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé ọjà ni mo bá lọ síbẹ̀, n ò bá ẹ̀kọ́ kankan lọ... ẹ̀kọ́ ló wá dì mọ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì wá orúkọ mi. Opó ni mí, kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìwé ìròyìn yín tí àwọn onímọ́tò ń já sílẹ̀ ni mo fi ń di ẹ̀pà, ṣùgbọ́n mo máa ń kà á kí n tó dì í. Ẹnu mi mú, gbogbo ọjà ló mọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó mú, kò mú.

Ọkùnrin kan láti Kútọnu ló gbé mọ́tò náà wá. Wọ́n ta aṣọ funfun sí pápá ilé ìwé àwọn fádà lábẹ́ òkè, mẹ́tìrì wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ń yí Faransé rẹ̀ sí èdè wa. Ó ní fíìmù wọ̀nyí kì í ṣe ti ìjà àti ìbọn o, bí èèyàn ṣe ń ṣe láàárín èèyàn ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ti àkọ́kọ́, obìnrin kan ṣubú níbùdó ọkọ̀ ojú irin, gbogbo ayé ń kọjá lára rẹ̀, oníkálukú ń wo ojú ẹnì kejì bóyá ìyẹn á bẹ̀rẹ̀... kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Èkejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Wọ́n gbé omi oníyọ̀ fún àwọn kan tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti bá gbogbo wọn sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n ní ó dùn, àfi ẹni tó kẹ́yìn. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń ní ṣúgà ni, ṣúgà ni. Ó wá kan ẹni ìkẹyìn. Ó mu ún, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tó lá ọsàn wẹ́wẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì... ó ní ṣúgà ni! Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dà sílẹ̀. Mo pè é ní àgùntàn, mo ní ta ló bí i, ṣé ahọ́n ẹlòmíì ló yá ni? Nígbà tó parí, ọkùnrin Kútọnu yẹn bi wá bóyá irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní Ìdáàṣà. Olóyè tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ pariwo pé láéláé, gbogbo pápá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, láéláé! Èmi náà pariwo. Ọkùnrin náà kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ká wáyà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi... torí mo rántí Ìyá Bẹnúwà.

Ará abúlé Gbaffo ni, gàrí ló ń tà, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ igi, gan-an níbi tí mọ́tò ń dúró, gàrí rẹ̀ a sì tán kí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyálọ́jà, tóun náà ń ta gàrí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ni wọ́n bá ní tóńgólò rẹ̀, agolo tó fi ń wọn gàrí, wọ́n ní ó ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá fura sí ìwọ̀n ẹnìkan, wọ́n á bu gàrí kún un, wọ́n á dà á sínú tóńgólò Ìyálọ́jà, gbogbo wa á sì dúró yí i ká. Àgbà ló ń kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, àwọn yòókù á tẹ̀lé e bí wọ́n ṣe dàgbà sí. Bí àwọn bàbá wa ṣe fi sílẹ̀ nìyẹn, ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n da gàrí náà. Ó kún. Ó kún, ó ga bí òkè, ó ń ya sílẹ̀! Ìyálọ́jà wò ó, ó ní kò kún. Ẹni tó tẹ̀lé e ní kò kún. Wọ́n ń sọ ọ́ bọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń dáhùn àdúà ní ṣọ́ọ̀ṣì... Ó kàn mí. Gàrí ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, ẹ gbọ́ mi o, ó gbóná láti inú agbada, mo mọ̀ ọ́n lára láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi... mo ní kò kún. Ìyálọ́jà ló gbà mí sọ́jà nígbà tí ọkọ mi kú, kí ni mo fẹ́ sọ? Àbí kí ni mo ì bá sọ?

Wọ́n lé Ìyá Bẹnúwà. Ta ni wọ́n wá fún ní ìsọ̀ abẹ́ igi yẹn? Èmi ni! Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyálọ́jà ò lè gbà á lójú ayé, ayé á ní torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe lé Ìyá Bẹnúwà, ni Ìyálọ́jà bá ní kí n máa jókòó síbẹ̀ ná.

 Lẹ́yìn sinimá yẹn, mo wọ mọ́tò lọ sí ìlú Paouignan, ibẹ̀ ni Ìyá Bẹnúwà ti ń ta gàrí létí títì báyìí, nínú eruku. Ó kí mi dáadáa, kò fajú ro rárá. Mo ní kó wọn gàrí fún mi. Ó ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ ni èrò ọkọ̀ kan bá pariwo pé agolo olè nìyẹn, òun ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní Ìdáàṣà. Ìyá Bẹnúwà gbójú sókè sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Ó kún àbí kò kún?” Gbogbo wọn yíjú sí mi. Obìnrin méjì láti ọjà wa ń sọ̀ nínú mọ́tò kan náà... Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní oòrùn ń tàn sí mi lójú, n ò rí i dáadáa. Ẹ̀yìn mi sì ni oòrùn wà. Kò bú mi. Ó kàn da gàrí náà padà sínú igbá rẹ̀, ó ní òun ò tà mọ́. Ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì inú fíìmù yẹn kò tiẹ̀ mọ àwọn tó bá jókòó. Èmi mọ Ìyá Bẹnúwà, mo sì ti bá a jẹun.

Ní báyìí, ọkọ rẹ̀ ti wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ìwọ̀n náà dán wò lọ́jọ́ ọjà ńlá tó ń bọ̀. Ìyálọ́jà gbà wéré, ó tún rẹ́rìn-ín, torí ó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní ó kún, màá kó ẹrù mi kúrò lábẹ́ igi, bóyá kúrò lọ́jà pátápátá, ọmọ mẹ́ta ló sì ń wojú mi. Bí mo bá tún ní kò kún... ṣé màá lè rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni mọ́ láyé yìí? Ṣé kí n sọ̀rọ̀ kó tó kàn mí, kí n tàpá sí àṣà? Àbí kí n sá lọ sóko lọ́jọ́ náà? Àbí kí n kàn gbé owó lọ bá a ní Paouignan, ṣé yóò gbà á? Ẹ sọ fún mi, ẹ má tò tẹ̀lé ara yín, kí oníkálukú yín sọ ohun tó rí. Èrè tí mo ti jẹ lábẹ́ igi yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e kúrò, mo kà á lánàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, irinwó àti márùndínlọ́gọ́rin sẹ́fà ni.