Mo Ti Ṣí Ilé Rẹ

Agboolé Ìsàlẹ̀ Odò,
Bàbáńlá,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Mọ́láyọ̀, ọ̀rẹ́ àtikékeré mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Adéyanjú ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ẹnu rẹ ni! O máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Nínú lẹ́tà, wàá gbọ́ mi tán kó o tó pariwo.

O ti gbọ́ nípa ìjì oṣù tó kọjá. Ó ṣí òrùlé rẹpẹtẹ, títí kan ti bàbá Àyìsátù aránṣọ. Ilé tìrẹ ò tilẹ̀ mira. Lẹ́yìn ìjì náà ni Ọ̀mọ̀wé Hafeezat dé, ọmọ Ìgbàjà tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Ó ń ṣèwádìí bí ojú ọjọ́ tó ń yí padà ṣe ń ba oko jẹ́, bí ìlú ṣe lè dìde lẹ́yìn àjálù, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya nígbà tí ìyà bá wọlé. Mo ní, kí ló pa ìjì pọ̀ mọ́ ìjà tọkọtaya? Èmi òpè!

Obìnrin náà mọṣẹ́ o, Mọ́láyọ̀! Ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, ó ń fi han àwọn káfíńtà bí wọ́n ṣe máa fi irin so igi àjà mọ́ ògiri. Ó bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ àgbàdo tó ń tètè gbó, nítorí òjò ò dé lásìkò mọ́. Nígbà tó kan àwa obìnrin, ó kọ́kọ́ pè wá sí gbọ̀ngàn, ó bi wá níwájú àwọn ọkọ wa bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé. Gbogbo wa ní àlàáfíà ni. Kí la fẹ́ sọ? Kò bínú. Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá wa ní ilé gàrí, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bá wa bó èèpo ẹ̀gẹ́. Bíbó rẹ̀ ò dáa rárá, ṣùgbọ́n ó ń bó o.

Ibẹ̀ ló ti bi wá níkọ̀ọ̀kan pé níbo la sùn lọ́jọ́ ìjì. A bú sẹ́rìn-ín. Ṣé ohun tí àwọn onímọ̀ ìwé ń wá kiri nìyẹn? Nígbà tó kan Àyìsátù, ó ní orí àpò gàrí tó wà lẹ́yìn wa yẹn lòun sùn. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Páànù kan ò ṣí lórí ilé ọkọ rẹ̀.

Ẹkún ló fi sọ ìyókù. Láti ìgbà tí ọ̀dá ti ba iṣu Aminullah ọkọ rẹ̀ jẹ́ ló ti ń nà án, ilé bàbá rẹ̀ ló sì máa ń sá lọ. Lọ́jọ́ ìjì, ilé bàbá rẹ̀ ò ní òrùlé mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí.

Àyìsátù fúnra rẹ̀ ló ní ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn àgbà ẹbí. O mọ̀ wọ́n: ìnira ló fà á, kí ọkọ bẹ̀bẹ̀, kí ìyàwó kúnlẹ̀, kí wọ́n jọ máa lọ sílé. Ọ̀mọ̀wé kúnlẹ̀ kí wọn, ó wá fọ̀wọ̀ sọ pé gbogbo oko ni ọ̀dá jà, kì í ṣe gbogbo ọkọ ló ń na ìyàwó. Ó ní bó bá tún nà án, níbo ni yóò sá sí?

Ni mo bá tú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ ní etí ìró mi, mo fi lé Àyìsátù lọ́wọ́. Ilé tí ẹ ń ṣí fún òkú àgbà àti ìgbéyàwó nìkan, tí mò ń gbá fún aláǹgbá! Mi ò gbàṣẹ. Tó o bá fẹ́ bínú, bínú, wàá rọ̀ náà ni. Àwọn àgbà gbà pé Àyìsátù ò ní padà àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ pé ó yá. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti wà ní pálọ̀ rẹ báyìí.

Bá mi kí Adéyanjú àti àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ, kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà lọ́wọ́ rẹ. Má lò ó. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí lójijì, Àyìsátù ṣì máa ń fọwọ́ bo orí. Jọ̀wọ́, tó o bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ, kan ilẹ̀kùn, dárúkọ ara rẹ, kó o sì dúró kó ṣí i fún ọ.

Èmi ni, aṣọ́lé rẹ tí kò gbàṣẹ,
Jàrátù.